Ìkòkò Àbámọ̀dá àti Ọ̀dúndún: Bí A Ti Ń Gbìn Wọ́n àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Wọn

 

Ìwé ìṣirò owó ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe ewéko. Bí mo bá wọ inú ìpàdé ẹgbẹ́ kan, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ìwé owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde, lẹ́yìn náà ìwé báńkì àti àkọsílẹ̀ ìpàdé. Ṣùgbọ́n nínú oṣù keje ọdún tí ó kọjá, ìwé owó náà ni ó mú mi dé ìdí ọ̀rọ̀ ewéko tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí. Ìlú Oǹdó ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin kan (n kò ní dárúkọ wọn, nítorí wọn kò jalè, wọn kò sì purọ́) yọ ₦45,000 nínú èrè ọdún wọn láti fi ra ìkòkò òdòdó 30. Èrò wọn ni pé kí wọ́n gbin àbámọ̀dá àti ọ̀dúndún sí i, kí wọ́n tà á fún àwọn tí ń kọ́lé tuntun àti àwọn ọ́fíìsì tí wọ́n fẹ́ kí iwájú ilé wọn dùn ún wò. Èrò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo débẹ̀, ìkòkò 6 péré ni ewéko ṣì wà láàyè nínú rẹ̀. Ti àwọn 24 yòókù ti jẹrà, wọ́n ń rùn bí omi tí a fi ṣan ẹ̀fọ́ tí ó sùn.

Mo bi Akápò wọn pé kí ni ó dé. Ìyá àgbà náà kò tilẹ̀ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá Alábẹ̀wò, ẹ má bá wa wí. Kò sí ọjọ́ kan tí a kò bomi rin wọ́n. Láàárọ̀, lálẹ́. A pín in láàrin ara wa, orúkọ ẹni tí ó bu omi wà nínú ìwé."

Lóòótọ́ ni, ó wà nínú ìwé. Orúkọ, ọjọ́, aago, ìbuwọ́lùwé. N kò rí àkọsílẹ̀ tí ó péye tó bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìwé ikú àwọn ewéko náà ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ. N kò lè fi wọ́n rẹ́rìn-ín, nítorí èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. N ó sọ ọ́ níwájú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ àwọn tí a ń sọ̀rọ̀ wọn. Ewéko méjì ni wọ́n, ọmọ ìyá sì ni wọ́n. Ọ̀dúndún ni ẹ̀gbọ́n lójú tiwa níhìn-ín. Ewé rẹ̀ nípọn, ó tutù lọ́wọ́, etí rẹ̀ sì rí bí eyín ayùn tí ó ti kú. Nígbà tí ó bá yọ òdòdó, òdòdó náà ń nàró lókè ni. Ewé ẹ̀rọ̀ ni àwọn baba wa kà á sí, àwọn àgbà sì ń pè é ní ọba ewé. Ará Àkúrẹ́ kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí, nítorí pé orúkọ ọba ni Ọ̀dúndún jẹ́ níbẹ̀. Ọba Aládétóyìnbó Aládélúsì tí ó gorí oyè Déjì ní ọdún 2015 ni Ọ̀dúndún Kejì, a sì ń kì í ní Asọdedẹ̀rọ̀, ẹni tí ó sọ òde di ẹ̀rọ̀.

Àbámọ̀dá ni àbúrò. Àwọn mìíràn ń pè é ní ẹrú ọ̀dúndún, orúkọ tí kò tọ́ sí i lójú tèmi, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ju ti ọ̀gá rẹ̀ lọ. Ewé tirẹ̀ ń dán. Bí ó bá dàgbà, ewé mẹ́ta tàbí márùn-ún máa ń jáde lórí ọ̀pá kan ṣoṣo. Òdòdó rẹ̀ kì í nàró, ńṣe ni ó ń dorí kodò bí agogo. Bryophyllum pinnatum ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Erékùṣù Madagásíkà ní ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fi kà á sí àlejò mọ́.

Ohun tí ó mú kí àwọn méjèèjì yàtọ̀ sí àgbàdo tàbí ẹ̀fọ́ ni ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ná omi ara wọn. Gbogbo ewé ni ó ní ẹnu wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí. Láti ẹnu yìí ni ó ti ń fa afẹ́fẹ́ tí ó fi ń ṣe oúnjẹ wọlé. Àgbàdo a máa la ẹnu tirẹ̀ ní ọ̀sán. Bí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé ni omi ara rẹ̀ ń bá oòrùn lọ. Àbámọ̀dá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí oòrùn bá mú, ó pa ẹnu dé. Òru ni ó ń la á, nígbà tí ìta bá ti tutù. Afẹ́fẹ́ tí ó bá kó jọ lóru, ó sọ ọ́ di ohun kíkan, ó fi í pamọ́ sínú ewé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó mú un jáde díẹ̀díẹ̀, ó fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní títì. Onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Benjamin Heyne, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Íńdíà, kíyè sí i pé ewé àbámọ̀dá kan ní àárọ̀, pé kò ní adùn kankan ní ọ̀sán, àti pé ó korò díẹ̀ bí ọjọ́ bá ń rọ̀. Ìwé tí ó kọ nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1815. (Ẹ̀yin ẹ má tọ́ ọ wò o. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀.)

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ajẹṣẹ́kù kò ní ṣàìmọ irú ìwà bẹ́ẹ̀. Omi tí ewéko yìí bá mu lónìí lè tó o fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Bí a bá tún da omi sí i lọ́la, kò ní ibi tí yóò fi í sí. Omi náà yóò dúró sí ìdí gbòǹgbò, yóò lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ilẹ̀, gbòǹgbò yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn ti ń wọlé. Gbòǹgbò tí ó ti kú kò lè fa omi mọ́, nítorí náà ewé á rọ. Ẹni tí ń wò ó á ní òùngbẹ ni, á tún bu omi sí i. Ohun tí ó pa ìkòkò 24 ní Oǹdó nìyẹn.

Báwo wá ni a ó ṣe mọ èyí tí òùngbẹ ń gbẹ àti èyí tí omi ti pa? Ẹ fi ìka méjì mú ewé ìsàlẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ewé tí òùngbẹ ń gbẹ a máa tẹ́ẹ́rẹ́, a máa hun jọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní bọ́. Ewé tí omi ti pa a máa rọ̀ pẹ̀tẹ̀, a máa pọ́n bí ìbẹ́pẹ tí ó ti rọ̀ jù, a sì máa já sí yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá rí i pé igi rẹ̀ ti dúdú ní ibi tí ó ti fi ara kan ilẹ̀, ẹ má wulẹ̀ da omi sí i mọ́. Ẹ gé orí rẹ̀ níbi tí ó ṣì ní ara líle, kí ẹ fi orí náà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìkòkò tí wọ́n rà náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ike aláràbarà ni, kò sì ní ihò kankan nídìí. Wọ́n ní àwọn kò fẹ́ kí omi ba ilẹ̀ ilé oníbàárà jẹ́. Ìkòkò tí kò ní ihò dára fún pípọn omi, kì í ṣe fún àbámọ̀dá. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí ike, kí ẹ fi àwo kékeré sí abẹ́ rẹ̀ bí ẹ bá ń bẹ̀rù ilẹ̀ ilé, kí ẹ sì máa da omi inú àwo náà nù. Ìkòkò amọ̀ sàn jù, nítorí ara rẹ̀ ń mí. Agolo tàbí garawa ọ̀dà tí ó ti tán náà kò burú, bí a bá ti lè lu ihò sí i.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó máa ń ya àwọn èèyàn wa lẹ́nu. Nítorí pé àgbẹ̀ kòkó ni ọ̀pọ̀ nínú wa, ilẹ̀ dúdú abẹ́ kòkó ni a kà sí ilẹ̀ gidi. Fún kòkó, bẹ́ẹ̀ ni. Ilẹ̀ náà lọ́ràá, ó sì ń di omi mú, ohun tí àbámọ̀dá kò sì fẹ́ nìyẹn. Ẹ bu ilẹ̀ dúdú náà agolo kan, kí ẹ bu yanrìn odò agolo kan sí i, yanrìn tí ó rí wóró-wóró, kì í ṣe èyí tí ó kúnná bí elùbọ́. Bí ẹ bá rí èédú tí a fọ́ wẹ́wẹ́ tàbí èèpo ẹ̀kùrọ́, ẹ fi ìdajì agolo kún un. Ẹ da omi ife kan sórí rẹ̀ kí ẹ wò ó. Bí omi náà bá ti ìdí ìkòkò jáde kíákíá, ilẹ̀ yín ti dára. Bí ó bá dúró sórí ilẹ̀ tí ó ń wò yín, ẹ fi yanrìn kún un.

Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, òjò ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, ó sì ń lọ títí di oṣù kẹwàá, àfi ìgbà díẹ̀ tí ó máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù kẹjọ. Ìkòkò tí òjò ń dé, ẹ má bu omi kankan sí i ní gbogbo àkókò yìí. Ó sàn kí ẹ gbé e sí abẹ́ òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ sì rí i pé kì í ṣe ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò yóò ti máa dà lé e lórí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá tó o. Nígbà ọyẹ́, ojú ilẹ̀ á tètè gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ojú ilẹ̀ tàn yín. Ẹ ki ìka bọ inú ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbẹ, ẹ bu omi sí i dáadáa títí yóò fi jáde nídìí, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ títí di ìgbà mìíràn. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni ó burú jù.

Ẹjọ́ tèmi ló kàn báyìí. Nígbà tí ìyá wa kú ní Oǹdó, a pín àwọn nǹkan rẹ̀. Ìkòkò ọ̀dúndún kan tí ó ti wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ní kí wọ́n fún mi. Mo gbé e lé orí itan mi nínú mọ́tò títí dé Àkúrẹ́, bíi kìlómítà 50. Nítorí pé mo fẹ́ yẹ́ ẹ sí, mo gbé e sí yàrá ìgbàlejò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, níbi tí gbogbo àlejò yóò ti máa rí i. Láàrin oṣù mẹ́ta, ó ga fíofío, ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ sí ọ̀nà fèrèsé bí ẹni tí ń retí ìyá rẹ̀ láti ọjà. Mo rò pé ebi ni. Mo bu ajílẹ̀ sí i, mo bu omi sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan mo bá a tí ó ti ṣẹ́ láàrin méjì.

Àbúrò mi obìnrin ni ó wá kí wa lópin ọ̀sẹ̀ náà. Ó wò ó, ó ní, "Bọ̀dá, ẹ̀wọ̀n lẹ kó ewé Màámi sí." Ó gé orí rẹ̀ tí ó kù, ó gbé e sí ojú fèrèsé fún ọjọ́ márùn-ún láìfi kan omi, títí ojú ọgbẹ́ náà fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ni ó ki í bọ inú yanrìn. Gbogbo ọ̀dúndún tí mo ní lónìí, láti orí kan ṣoṣo náà ni. Bí kò bá wá ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ǹ bá ti da ìkòkò ìyá mi nù.

Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń wá, kì í ṣe oúnjẹ. Oòrùn àárọ̀ ni ó dára jù fún àwọn méjèèjì. Bí ewéko bá ti pẹ́ nínú ilé, ẹ má ṣe gbé e bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán lójijì, ewé rẹ̀ yóò jó. Ẹ mú un jáde díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ní ti ajílẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ kan ìgbẹ́ adìẹ tí ó ti jẹrà dáadáa ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ti tó fún odidi ọdún kan. Àjẹjù ń mú kí ara rẹ̀ rọ̀, kòkòrò sì fẹ́ràn ara rírọ̀. Kòkòrò funfun bí òwú tí ń pamọ́ sí ìdí ewé ni ẹ ó máa rí jù. Ẹ fi òwú tí a rẹ sínú sípírítì nù ún kúrò, ẹ máa tún ibẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀nà tí a ń gbà sọ ìkòkò kan di ogún ni ibi tí àbámọ̀dá ti ń dá àrà tirẹ̀. Ẹ já ewé kan tí ó ti gbó dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ lélẹ̀ sórí yanrìn tí ó tutù díẹ̀, ní ibi tí oòrùn kò ti mú jù. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, ẹ ó rí i tí àwọn ọmọ kéékèèké ń yọ ní etí ewé náà, níbi tí ó ti gé wọnú, tí olúkúlùkù ń ta gbòǹgbò tirẹ̀. Ewé kan lè bí ju ọmọ mẹ́wàá lọ. Bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ti ní ewé mẹ́rin, ẹ yà á sọ́tọ̀ sínú agolo tirẹ̀. Orúkọ Bryophyllum pàápàá, láti inú èdè Gíríìkì, ewé tí ń hù ni ó túmọ̀ sí. Akéwì Jámánì nì, Goethe, tí ó kú ní ọdún 1832, fẹ́ràn ewéko yìí tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń fi ewé rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí wọ́n lè gbìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ewé tí ẹ bá gé dànù sí etí oko yóò hù níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, èpò ni wọ́n kà á sí báyìí.

Ọ̀dúndún, igi rẹ̀ ni kí ẹ máa gé gbìn, bí àbúrò mi ti ṣe. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọ̀já ìkòokò kún ọjà rẹ̀, ewé gbọọrọ tí ó nàró bí idà nì, ẹ má ṣe gé ewé èyí tí etí rẹ̀ pọ́n láti fi gbìn. Ọmọ tí yóò yọ kò ní ní etí pípọ́n náà mọ́. Ẹ pín in láti ìdí. Ọ̀já ìkòokò kì í ṣe àlejò rárá, láti Nàìjíríà dé Kóńgò ni ìran rẹ̀ ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ń rà á bí ẹni ra ohun òyìnbó.

Mo ní kí ẹ má tọ́ ewé àbámọ̀dá wò. Ìdí rẹ̀ nìyí. Oró kan wà nínú rẹ̀ tí ń dààmú ọkàn, ọkàn tí ń lù kìkì láyà, ó sì pọ̀ jù nínú òdòdó. Ní ọdún 1997, ní agbègbè Moree ní ilẹ̀ Ọsirélíà, màlúù 125 kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìbátan àbámọ̀dá kan tí ó hù sí ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń jẹko. Lọ́dọ̀ wa, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àbámọ̀dá ń yọ òdòdó, ìgbà náà gan-an ni koríko ń wọ́n, tí ewúrẹ́ kì í sì í ṣa ohun tí yóò jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹran, ẹ gbé ìkòkò yín sí òkè, tàbí kí ẹ gé òdòdó náà kúrò kí ó tó là. Ẹ má sì jù ú sí ibi tí ẹran yóò ti rí i.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá ni ó ń fún omi ewé yìí sí ìdodo ọmọ tuntun, tí wọ́n sì ń fún ọmọ mu ún nítorí ikọ́. Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì bú oògùn àwọn baba wa. Ṣùgbọ́n ọmọ ọjọ́ mẹ́ta kò ní agbára màlúù. Ní ilé ìwòsàn, oògùn kan wà fún ìdodo ọmọ tí a ń pè ní chlorhexidine. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, kí ẹ fi àbámọ̀dá sílẹ̀ nínú ìkòkò rẹ̀.

Nínú oṣù kejì ọdún yìí, mo padà sí Oǹdó láti yẹ ìwé ẹgbẹ́ náà wò. Wọ́n ti lu ihò sí gbogbo ìkòkò 30. Wọn kò ra irúgbìn kankan. Láti ara àwọn 6 tí ó kù ni wọ́n ti já ewé tí ó kún àwọn 24 yòókù. Ìkòkò 17 ni wọ́n ti tà ní ₦3,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ó jẹ́ ₦51,000. Owó tí wọ́n ná ti padà, ó sì lé ní ₦6,000, pẹ̀lú ìkòkò 13 lọ́wọ́. Díẹ̀ nínú wọn lọ sí ọ́fíìsì kan ní Alágbàkà níbí ní Àkúrẹ́.

Ìwé ìbomirin náà ṣì wà. Wọn kò fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lójú ìwé ọjọ́ náà ni èyí: "Mo fi ìka wò ó. Ó tutù. N kò bu omi." Akápò ni ó buwọ́ lù ú. Mo lu òǹtẹ̀ mi sí i.